Ẹ ṣí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọ yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé

Fídíò tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe nígbà tí wọ́n ń pín báàgì fún àwọn ọmọ ti dé orí fóònù gbogbo wa ládùúgbò. Ọmọ kékeré kan dúró síwájú kámẹ́rà, wọ́n gbé báàgì tuntun kọ́ ọ lẹ́yìn, báàgì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ọmọ lọ. Ẹnì kan ń sọ fún un láti ẹ̀gbẹ́ pé, "Sọ pé, 'Ẹ ṣé o, Dádì.' Sọ ọ́ sókè." Ọmọ sọ ọ́. Wọ́n ní kò dún. Ó tún un sọ. Ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹni tó fẹ́ sunkún, àwọn àgbà sì ń pàtẹ́wọ́. Bánà ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó wọn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ aláìní.

Inú bí mi débi pé oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ fi "aláìní" sí lórí yẹn. Yóò dàgbà, yóò di ọ̀dọ́mọbìnrin, fídíò yẹn á ṣì wà níbi tó wà.

Mo mọ ọmọ náà dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ ti ń dín àkàrà, ní apá Mọlété níbí, n'Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìyá ti dáná, ọmọ á jókòó sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín á máa kó sí i lójú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bí oòrùn bá mú, á sún wọ abẹ́ òjìji ògiri, á sì sùn síbẹ̀. Ní òdìkejì ògiri yẹn, gbọ̀ngàn kan wà tó gba èèyàn bíi 300. Fáànù wà lókè, àga wà nílẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, kànga wà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, agádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ títí tí àwọn akọrin àti aládùúrà á fi dé nírọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń dùn mí.

Mo rí ohun tó wà nínú báàgì yẹn: ìwé ẹsasáìsì tí àwòrán pásítọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bírò, pẹ́ńsù, rúlà, bisikíìtì. Ohun tó dára ni gbogbo rẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé. Ọmọ yìí kì í lọ sílé-ìwé kankan, kò sì sẹ́ni tó bi ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé báàgì kọ́ ọ lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di àkàrà fún oníbàárà ló wà nínú báàgì náà. Mi ò dá ìyá lẹ́bi. Kí ni kó fi ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ilé-ìwé ìjọba wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Òfin ọdún 2004 ló ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún 9, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 6 àti girama kékeré 3. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wá fi ọdún 1 kún un ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún ọmọ ọdún 5. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ wọn, jẹ́léósinmi aládàáni ló kù, ẹ sì mọ ohun tí àwọn yẹn ń gbà: owó ilé-ìwé, owó aṣọ, owó ìwé, owó ayẹyẹ ìparí ọdún. Àwọn UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti sọ ọ́ pé ní Nàìjíríà, nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 36 sí 59, nǹkan bíi 36 péré ló ń rí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn lọ́jà, lórí páálí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì wọ kíláàsì kìn-ín-ní, ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó ti mọ A, B, D láti ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n máa jókòó sí. Tíṣà tó ní ọmọ púpọ̀ ní kíláàsì kan ò ní dúró dè wọ́n.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní kí n má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Wọ́n á ní kí n lọ bá ìjọba. Mo ti bá ìjọba wí lójú ewé yìí, ẹ sì kà á. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ìdá mẹ́wàá mi wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àwọn ọmọ mi lórúkọ.

Kúdẹtì ò jìnnà síbi tí mo jókòó sí yìí. Ọdún 1853 ni míṣọ́nnárì kan, David Hinderer, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá tẹ̀dó síbẹ̀, n'Ìbàdàn. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé àti Akínyẹlé, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé. Ilé àwọn Hinderer ni ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni ọmọ ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń kàwé. Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, tí oúnjẹ wọ́n, wọn ò torí ìyẹn lé àwọn ọmọ jáde. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ní àbùkù tiwọn, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mò ń wí ni pé ìlẹ̀kùn wọn wà ní ṣíṣí ní ọjọ́ Ajé, ó wà ní ṣíṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, 1955, inú ilé-ìwé àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí àyè jókòó. Bàbá mi wà lára wọn. Ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbéra lọ bá bàbá tó ń bójú tó ètò ìrànlọ́wọ́ nínú ìjọ wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí gbọ̀ngàn láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá. Àwọn ọmọ tó wà lọ́jà níwájú yìí ò ju ogún lọ. Ẹní la máa tẹ́. A máa kọ́ wọn lórin, a máa kọ́ wọn ní lẹ́tà, a máa fún wọn ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá." Bàbá gbọ́ mi tán, wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, èrò tó dáa lo gbé wá. Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta á tọ̀ sí i. Ẹni tó rà á, Ọlọ́run ló fi ta lọ́rẹ."

Mo ní ká ká kápẹ́ẹ̀tì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ta ló máa ká a, ta ló máa tún un tẹ́ ní gbogbo ọjọ́? Mo ní èmi. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn: "Ọmọ mi, àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti London fẹ́ rí ohun tí a fi owó wọn ṣe. Báàgì ṣeé rí. Ọmọ tó mọ A, B, D, báwo la ṣe fẹ́ ya ìyẹn ní fọ́tò?" Wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà.

Mo dìde, mo kí wọn, mo jáde. Bàbá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, wọ́n ti sanwó ilé ìwòsàn fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nítorí ẹni tó wà ní London la ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lójú kámẹ́rà. Inú Bíbélì tí à ń kà níbẹ̀ náà ló ti wà pé bí o bá ń tọrẹ àánú, kí ọwọ́ òsì rẹ má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé béèrè fídíò. Ẹ béèrè iye ọmọ tó jókòó sínú kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, títí mo fi lọ ra àkàrà láàárọ̀ àná. Mo ní kí n sọ fún ìyá ọmọ pé mo fẹ́ bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀, kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Háà, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o." Ó ní ẹnì kan lókè òkun rí fídíò yẹn, ó béèrè ọmọ, ó sì ti sanwó jẹ́léósinmi fún táàmù kan. Wọ́n ti wọn ọmọ fún aṣọ ilé-ìwé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé àkàrà nínú epo.

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo bi í pé bí táàmù yẹn bá parí ńkọ́. Ó ní, "Ọlọ́run tó ṣe èyí, á ṣe ìyẹn." Mo wá sọ fún un nípa gbọ̀ngàn, nípa ẹní, nípa àwọn ìyá tíṣà. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Ó ní, "Ó dáa o, Àǹtí. Àmọ́ ta ló máa sanwó tíṣà yẹn? Ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ló ní òun máa kọ́ wa ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹni tó ń kọ́ wa ò wá mọ́."

Mo ti bá méjì sọ̀rọ̀ nínú àwọn ìyá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn. Ọ̀kan ní òun máa wá láàárọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Èkejì ní orúnkún ń dun òun, owó ìfẹ̀yìntì òun kì í tètè dé, wọ́n sì bi mí pé ta ló máa fún àwọn lówó ọkọ̀ láti Challenge wá síbí lójoojúmọ́. Mi ò tíì ní èsì fún wọn.