Ta ló ní ẹ̀gẹ́ ò fẹ́ wàhálà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dáko nílé, ẹ bá mi gbọ́ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oko, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ ò fẹ́ wàhálà, ṣáà rì í mọ́lẹ̀ kó o máa lọ, tó bá pọ́dún kan kó o wá kówó ẹ." Irọ́ ni jàre. Òótọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ kì í tètè kú o, ọ̀dá lè mú un, ilẹ̀ lè ṣá, á ṣì dúró síbẹ̀ táá máa rúwé. Àmọ́ ṣé ewé lẹ fẹ́ tà ni? Kó má kú ọ̀tọ̀, kó ta ọ̀tọ̀.

Ẹ wo ìṣirò tí wọ́n ń pín kiri lórí Wọ́sáàpù. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá fi mítà kan sáàárín ìdí kan sí èkejì, éékà kan á gba bíi ìdí 4,000, ìyẹn dáa. Wọ́n á wá ní ìdí kọ̀ọ̀kan á mú kílò 5 wá, ó di tọ́ọ̀nù 20, ẹ ẹ́ ti máa wo mọ́tò tẹ́ ẹ máa rà. Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé yìí, tẹ́ ẹ bá pín gbogbo ẹ̀ kárí ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí, kò pé tọ́ọ̀nù 10 lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn bí éékà méjì ààbọ̀. Ẹ wá fi ìdí 10,000 tí hẹ́kítà kan máa gbà pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan ò pé kílò kan gan-an.

Koríko ló ń jẹ èyí tó kù. Ẹ̀gẹ́ kì í tètè bo ilẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹjọ́ wà, ẹni tó bá gbìn ín lóṣù kẹrin tó padà s'Ékòó, tó wá yọjú lóṣù keje, á bá ewé Akíntọ́lá tó ga ju ẹ̀gẹ́ lọ, á bá èkan tí gbòǹgbò ẹ̀ ti ń gún kiri nínú ilẹ̀, á wá kó lébìrà wọ̀ ọ́, owó gidi lọ, oko mọ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tí koríko ti jẹ ti lọ nìyẹn, ó sì lè ju ìdajì lọ. Ẹ fi ríro ẹ̀ẹ̀mẹta sọ́kàn kí ewé tó pàdé lókè.

Ẹni tó bá ní bàbá òun kì í ro ti ẹ̀, ẹ bi í pé ibo ni bàbá gbìn ín sí. Ẹ̀yìnkùlé ni! Ibi tí wọ́n ń da eérú àti èèpo iṣu sí, tí màmá ń fa koríko tu tí wọ́n bá ń kọjá lọ sí balùwẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ o, kò kàn sẹ́ni tó kà á síṣẹ́ ni.

Igi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ máa gbìn náà ńkọ́? Ẹ má gba igi ọ̀fẹ́ láìtíì rí oko tí wọ́n ti gé e. Tí ewé ibẹ̀ bá ká kò, tó ní àbàwọ́n yẹ́lò, àrùn mòsáíìkì nìyẹn, inú igi ló ń gbé, ẹ ẹ́ kàn fọwọ́ ara yín gbé e wọ oko yín ni. Àwọn irú tí àrùn yẹn kì í mú bọ̀rọ̀ wà níta, bíi TME 419, ẹ béèrè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná ha èèpo igi, tí oje funfun yọ kíá, ó ṣì dáa. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi dáná.

Tẹ́ ẹ bá sì hú ẹ̀gẹ́ tán, ọjọ́ méjì mẹ́ta, inú ẹ̀ ti ń dúdú, torí náà ẹ ti mọ àwọn tó ń ṣe gaàrí nítòsí kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀ rárá.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbin ẹ̀gẹ́ o. Ẹ fi ààbọ̀ éékà bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹnì kan lábúlé ibẹ̀ tẹ́ ẹ máa sanwó fún kó máa dé oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé ìdí ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ ni kó máa ká sínú fídíò o, kò gbọdọ̀ jẹ́ orí ẹ̀, torí láti òkè, gbogbo oko ló ń tutù yọ̀yọ̀.