Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé ní ẹgbẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé kì í mọ ẹgbẹ́ ṣe, ẹ wá wo tiwa ní Súrùlérè. Adití ni ọmọkùnrin mi, ilé ìwé méjì ló ti dá a padà, ni mo bá ń kọ́ ọ nílé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ làwa òbí tá à ń kọ́ ọmọ nílé máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ, tarọ tẹni tára rẹ̀ dá. Lóṣù tó kọjá, a kó wọn lọ sí Freedom Park, ọgbà ìgbafẹ́ tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé òyìnbó lọ́jọ́sí. Ọmọbìnrin kan tí etí tirẹ̀ dá ṣáká ló dúró níwájú ọmọ mi, tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ọmọ mi ló kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ náà, nídìí ọpọ́n ayò! Ọkọ̀ nìkan ló ń dà wá láàmú, torí dánfó kì í fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ arọ. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí àwọn tó ń kọ̀wé nípa wa máa kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.