Ẹ Yé Fi Èéfín Lé Òòbẹ̀ Nínú Àjà

Bí òòbẹ̀ bá ti wọ àjà ilé, èéfín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré wá, tàbí oògùn apakòkòrò, tàbí ẹni tí yóò fi símẹ́ǹtì dí ihò lọ́jọ́ náà gan-an. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fòfin de gbogbo rẹ̀.

Èyí tí oògùn bá bà kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀. Á já bọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọdé ti lè mú un. Èyí tí símẹ́ǹtì bá há mọ́ inú á jẹrà síbẹ̀, tàbí kó wá àyè gbà bọ́ sí yàrá. Òòbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹyẹ; ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ni, ọmọ kan péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń bí lọ́dún, torí náà agbo tí a bá pa run kì í tètè padà. Ta ni yóò wá máa jẹ ẹ̀fọn àti afòpiná tí wọ́n ń jẹ lálaalẹ́? Àdán ńlá tó ń sun orí igi láàárín ìlú náà níṣẹ́ tirẹ̀: ó ń gbé èso ìrókò lọ síbi tó jìnnà, ó sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó osè láti igi dé igi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òòbẹ̀ ni. Ẹ fi igi tẹ ìgbẹ́ rẹ̀: á rún wómúwómú, ìyẹ́ kòkòrò á máa dán nínú rẹ̀, ti eku máa ń le. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró síta kí ẹ wo ihò tí wọ́n ń gbà jáde. Ọ̀rá dúdú sábà máa ń wà létí rẹ̀. Ẹ dí àwọn ihò yòókù. Ẹ ta àwọ̀n bo èyí tí wọ́n ń gbà jáde, ẹ kan òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, kí ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí, kó gùn kọjá ihò tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Wọn á yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, wọn ò ní mọ ọ̀nà padà. Lẹ́yìn nǹkan bí alẹ́ méje, bí ohunkóhun ò bá jáde mọ́, ìgbà yẹn ni símẹ́ǹtì tó kàn. Ẹ má ṣe é nígbà tí ọmọ wọn kò tíì lè fò: ìyá á há síta, ọmọ á kú sínú àjà.

A ò sọ pé òòbẹ̀ kò léwu. Ó lè ní àrùn dìgbòlugi. Bó bá gé ni jẹ, bó ti wù kí egbò náà kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ náà. Ìgbẹ́ gbígbẹ, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó kó o, pẹ̀lú ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Eruku rẹ̀ lè kó àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Nílùú Austin ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n tún afárá Congress Avenue ṣe lọ́dún 1980, òòbẹ̀ kún abẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì ní kí wọ́n pa wọ́n. Àlàyé ni wọ́n fi yí wọn lọ́kàn padà. Nísinsìnyí, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló ń gbé ibẹ̀ nígbà ooru, èrò sì ń rọ́ wá wòran ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ máa wo orí igi kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n má sì tan iná òpópónà sí ibi tí àdán ń sùn. Kí wọ́n kọ́ àwọn wolé-wolé bí a ṣe ń ta àwọ̀n, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́, torí onílé tí kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́ á tún padà sídìí èéfín.