Ọmọ Ìkókó Kò Lè Dúró Fún Oṣù Mẹ́rin

Bílíọ̀nù 4.8 náírà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Kejì ọdún 2025, kí wọ́n fi ra páálí oògùn HIV 150,000 fún oṣù mẹ́rin, kò burú. Nígbà tí Amẹ́ríkà, tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ lórí oògùn yìí, ti ẹ̀rọ omi pa, ó yẹ kí onílé gbé korobá tirẹ̀ jáde. Ká ní a ti mú àdéhùn Abuja ọdún 2001 ṣẹ ni, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná fún ètò ìlera, a kì bá tí máa sáré wá korobá kiri.

Ìbéèrè tí a ti ń bi ìjọba látẹ̀yìnwá kò yí padà: ọmọ ìkókó ńkọ́?

Oògùn kò lè ran ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ní kòkòrò yìí lọ́wọ́. Àyẹ̀wò àgbà kò ṣeé gbára lé fún un títí yóò fi pé oṣù 18, nítorí ohun tí ara ìyá fi ń bá àrùn jà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì á gún un ní gìgísẹ̀, á kán ẹ̀jẹ̀ sójú àwọn àmì róbótó lára káàdì kékeré kan, á jẹ́ kó gbẹ, á fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ PCR, tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wà. Káàdì lọ, èsì kò dé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó kó o látinú oyún, oṣù méjì sí mẹ́ta ni ikú ń mú wọn jù.

Ògiri ti lanu nìyẹn. Òtútù àyà tí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Pneumocystis ń fà ló máa ń tètè wọlé, bẹ́ẹ̀ oògùn Septrin olómi tí kò wọ́n, tó yẹ kí ọmọ ti máa lò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, lè dènà rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Jẹjẹrẹ náà ń bọ̀: kókó á so lọ́rùn ọmọ, wọ́n á fi róòbù pa á, wọ́n á ní eyín ló ń hù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fa irú kókó yẹn, lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú kókó ara, náà lè fà á, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfi kí dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ wo ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn?

Ìwádìí South Africa tó jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé títètè fún ọmọ ìkókó tó ní HIV ní oògùn HIV dín ikú wọn kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. A ti kọ èyí lójú ìwé yìí rí, a tún un kọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ká wá kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì yín ni? Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 11 mìíràn ní Dar es Salaam lọ́dún 2023 pé éèdì ọmọdé á dópin tó bá fi máa di 2030.

Kí wọ́n yọ owó ọlọ́kadà tó máa gbé káàdì lọ, tó máa gbé èsì bọ̀, kúrò nínú bílíọ̀nù yìí. Kí wọ́n yọ ti Septrin olómi. Kí wọ́n sì rán nọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí inú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ọ̀pọ̀ aboyún ń bímọ sí láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.