Kí ni Túndé ṣe fún wọn?

Omi ọkà ti ń hó lórí iná láti ìṣẹ́jú mélòó kan, mi ò tíì lè dìde lọ rò ó. Mo jókòó ti ìwé ọmọ Praimárì 4 bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì. Ẹ wo iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n dì fún ọmọ mi lálẹ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo tú u kí ẹ lè bá mi dá sí i: “Ìyá Bọ́lá ní máńgòrò 24. Ó fún Ṣadé ní 6 ju ti Túndé lọ. Mélòó ló kù?”

Ó parí. Mo yí ìwé náà padà, mo ní bóyá ó kù sẹ́yìn. Àwòrán adìyẹ ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà.

Ẹ gbà mí o! Mélòó ni wọ́n fún Túndé? Bí wọ́n bá fún un ní 2, Ṣadé á gba 8, 14 ló máa kù. Bí wọ́n bá fún un ní 5, ti Ṣadé á di 11, 8 ló máa kù. Bí ìyá yìí bá wá jẹ́ ọlọ́wọ́ lílà, tó bu 9 fún Túndé, Ṣadé á kó 15, agbọ̀n á gbẹ. Ìdáhùn mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí kà, kò sì sí èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí wọ́n ń wá. 18 ni. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ rí 24, kó rí 6, kó yọ ọ́ kúrò, kó lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ kí 18 tó lè ṣẹ́ kù nínú agbọ̀n, àfi kí Túndé má gba ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí! Ògbómọ̀ṣọ́ tí máńgòrò ń já lu páànù lórí wa lóru tí àsìkò rẹ̀ bá dé, tí ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ títí tó ń fi í sílẹ̀. Kí ni Túndé ṣe fún wọn?

Mo ka ìbéèrè náà fún ìyá mi. Ìyá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bí ẹni tó kọ ìbéèrè yìí nígbà tó ti ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Mélòó ni ti Túndé?” Mo ní wọn ò sọ. Ó ní, “Wọn ò sọ, wọ́n sì ní kí ọmọ ṣírò ẹ̀?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, “Àbí èènì ni wọ́n fi fún Ṣadé ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi. Ìyá tó ń wọn kóńgò mọ́kànlá, tó ń ṣírò owó rẹ̀, tó ń yọ gbèsè àná kúrò, tó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì, gbogbo ẹ̀ lórí ìdúró. Èdè tó fi ń ka owó gan-an, ìyọkúrò wà nínú ẹ̀: 18 tí wọ́n ń wá yìí, méjìdínlógún ni, ogún tí a yọ méjì nínú ẹ̀. Ìṣirò ò ṣòro nílé wa. Ìbéèrè tí kò lórí tí kò nírù ló ṣòro.

Ẹ má sì sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni ò yé wa. Gẹ̀ẹ́sì náà gan-an ló ṣẹ́ lápá lẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi èdè wa kọ́ wọn, ẹ fi kọ́ wọn, kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn. Tó bá sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Kì í ṣe ti òní nìkan o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọsàn ni, kọ́bọ̀ márùn-ún ẹyọ kan. Ọmọ gbójú sókè, ó ní, “Màámi, kí ló ń jẹ́ kọ́bọ̀?” Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé. Ó ní láti jẹ́ pé àtìgbà náà ni wọ́n ti ń da ìbéèrè yẹn kọ láti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn, tí ẹnikẹ́ni ò bi ara ẹ̀ pé ṣé ọmọ tó ń kà á ti fojú kan kọ́bọ̀ rí. Ṣáájú ìyẹn, ọkọ̀ ojú irin méjì ló ń sáré pàdé ara wọn. Ojú irin gba Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin, ó fi àwa sílẹ̀ ní tiwa. Ibo ni kí ọmọ mi ti rí ọkọ̀ ojú irin? Ẹ béèrè mọ́tò tó gbéra ní Tákìé tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Àbí wọ́n mọ̀ pé pẹ̀lú títì yẹn, kò sí onímọ̀ ìṣirò tó lè sọ aago tó máa dé?

Àbúrò mi tó jẹ́ tíṣà ló sọ èyí fún mi, ó ní wọ́n kọ́ àwọn nílé ìwé olùkọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1980, nílùú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, àwọn olùwádìí bi àwọn ọmọ kéékèèké pé: ọkọ̀ ojú omi kan kó àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Wọ́n ro 26 mọ́ 10, wọ́n ní ọmọ ọdún 36 ni. Àgùntàn pẹ̀lú ewúrẹ́ di ọjọ́ orí èèyàn! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ò jáde. Ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n ń kọ́ tèmi yìí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní tááàmù tó lọ. Télọ̀ ni mí. Ìbéèrè wá pé: “Télọ̀ kan ní aṣọ yáàdì 6. Ó fẹ́ gé e sí yáàdì kọ̀ọ̀kan. Tí gígé ẹ̀ẹ̀kan bá ń gba ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú mélòó ló máa lò?” Inú mi dùn gan-an, mo ní èyí ló jẹ́ tèmi. Ọmọ mi kọ 10. Wọ́n fi X pupa sí i, wọ́n kọ 12 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀, mo ká àjẹkù àǹkárá, mo mú àlùmọ́gàjí mi, ó di ilé ìwé. Mo kí tíṣà, ọmọdébìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ẹ̀, mo ní kó máa bá mi kà. Mo gé e lẹ́ẹ̀kan, ó di méjì. Mo gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó di mẹ́ta. Nígbà tí mo gé e lẹ́ẹ̀karùn-ún, ègé mẹ́fà ti wà nílẹ̀. Mo na àlùmọ́gàjí sí i, mo ní, “Gba, Àńtí. Gé ẹ̀ẹ̀kẹfà fún mi. Ibo lo fẹ́ gé?”

Ó wo aṣọ náà. Ó wò mí. Ó ní, “Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ.” Ara mi balẹ̀. Ló bá tún ní, “Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, 12 ló wà nínú ìwé ìdáhùn tí wọ́n fún wa, mi ò gbọdọ̀ yí i.”

Kò gbọdọ̀ yí i! Aṣọ wà nílẹ̀, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́, ojú gbogbo wa là, ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹfà la máa gé e, ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mi ò tiẹ̀ bá ọmọdébìnrin yẹn wí, tọ́rọ́ tí wọ́n ń san fún un ò tó kó fi bá ọ̀gá jà. Ẹni tó jókòó sí ibì kan tó tẹ ìwé yẹn jáde láìkà á lẹ́ẹ̀kejì, tó ń gba owó ìwé lọ́wọ́ wa ní tááàmù tááàmù, òun ni mò ń wá. Tí èmi bá rán búbà tí mo gbàgbé apá kan, ṣé oníbàárà á gbà á lọ́wọ́ mi pé òun ni kò mọ aṣọ wọ̀?

Mo dìde lọ ro ọkà náà níkẹyìn. Kí n tó padà dé, ọmọ mi ti pa ìwé dé. Mo ṣí i, mo rí 18 gàdàgbà.

Mo ní, “Túndé ń kọ́?”

Ó ní, “Màámi, ẹ fi Túndé sílẹ̀ jàre. Tí mo bá fún un, wọ́n á tún fún mi ní X.”