Ẹ jọ̀ọ́, fífẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì sólà kọ́ ló ń mú volt wá

Ẹnìkan tún gbé e wá sórí gúrúùpù wa láàárọ̀ yìí pé pánẹ́ẹ̀lì tó bá ti fẹ̀ jù, volt ẹ̀ ló máa ga jù, làwọn tó kù bá ń tẹ "òótọ́ ni brọ̀dá, òótọ́ ni". Òótọ́ ibo? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o.

Òun ló jẹ́ kí kọ́ńtúrólà mi, èyí tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì lọ sí bátìrì, jóná. Oníṣẹ́ tó wá so ó wo pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí mo rà, ó ní wọn ò kúkú fẹ̀ tó ti aládùúgbò mi, kò sí wàhálà, ló bá so gbogbo ẹ̀ ní síríìsì, ìyẹn ni pé ó so wọ́n tẹ̀léra, tí volt wọn sì ń ro pọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì tó ní ààbọ̀ sẹ́ẹ̀lì 144 o (sẹ́ẹ̀lì ni àwọn àwo pẹlẹbẹ inú ẹ̀ tó ń sọ oòrùn di iná), nǹkan bíi 50 volt lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́ńtúrólà ò sì gbà ju 100 lọ. Ti aládùúgbò yẹn ńkọ́, 600 wáàtì tó fẹ̀ ju tèmi lọ, ààbọ̀ sẹ́ẹ̀lì 120 ló ní, kò ju bíi 42 volt lọ!

Ẹ fi mítà wọn àfọ́kù sẹ́ẹ̀lì silicon nínú oòrùn, bó ti wù kó kéré tó, bíi 0.6 volt lẹ máa rí, odindi ẹ̀ náà, bíi 0.6. Mo ti ṣe é. Ámpù ló ń lọ sókè tó bá fẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé pánẹ́ẹ̀lì kékeré tàwọn 22 volt ni, ńlá 50, iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so ní síríìsì nínú ẹ̀ ni wọn ò kà, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe sẹ́ẹ̀lì ló ni volt, ibi tó sì ti hàn jù ni sólà organic, èyí tí wọ́n ń fi èròjà oníkábọ́ọ̀nù bí ike ṣe. Nǹkan méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ń fúnni ní ẹlẹ́kítíróònù, èkejì ń gbà á. Tí wọ́n bá po P3HT, tó ń fúnni, pẹ̀lú PCBM, tó ń gbà, bíi 0.6 volt ni. Ní 2010 àwọn onímọ̀ kan ní Ṣáínà ò yọ P3HT o, PCBM nìkan ni wọ́n fi ICBA, agbà mìíràn, rọ́pò, ló bá di 0.84. Kí ló yí padà? PCBM jẹ́ bọ́ọ̀lù tí átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 60 para pọ̀ di, tí wọ́n lẹ nǹkan kan mọ́ lára, ti ICBA, méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Méjì yẹn ló dín bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń fa ẹlẹ́kítíróònù kù, torí náà tí ẹlẹ́kítíróònù bá ń kọjá láti ara P3HT kò já wálẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, agbára tí ò já dànù yẹn ló wá di volt lójú mítà.

Ó dáa, ooru máa ń fa volt wálẹ̀ díẹ̀, oòrùn tó mọ́lẹ̀ dáadáa náà máa ń gbé e sókè díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n fífẹ̀? Rárá o. Ẹ yí pánẹ́ẹ̀lì dà, kẹ́ ẹ ka Voc, ìyẹn volt ẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn, tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.