Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọbìnrin Kọ́kọ́ Kó Àjọ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin Èkó ló ń sọ lórí ayélujára báyìí pé àwọn ò ní ẹnì kankan, pé ọwọ́ ara àwọn làwọn fi gbé ara àwọn ró. Mo bọ̀wọ̀ fún làálàá wọn, àmọ́ mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ọmọbìnrin kan bá ti rọ́wọ́ mú ní Èkó yìí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí àwọn obìnrin tí kò bá a tan rárá, tí wọ́n fi owó àti orúkọ wọn dúró fún un.

Ẹ wo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ṣómólú tàbí Mushin. Á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa rán bọ́tìnnì, títí ọ̀gá á fi jẹ́ kó gé aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ ìyọ̀ǹda dé, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, ọ̀gá gbàdúrà lé e lórí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò ní maṣíìnì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí.

Ó ń dùn mí gan-an, nítorí ohun tó lè gbà wọ́n wà ládùúgbò. Àjọ ni. Bí èèyàn 10 bá ń dá 20,000 náírà lóṣooṣù, 200,000 ni ẹni tó kàn máa kó. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn, owó ara rẹ̀ ló tọ́jú. Ẹni tó kọ́kọ́ kó, owó àwọn 9 yòókù ló rí lò, láìsan èlé. Ibẹ̀ gan-an ni agbára àjọ wà, àwa àgbà la sì máa ń kọ́kọ́ dù ú.

Ẹ máa ní ọmọdé á kówó sá lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àgbàlagbà náà sì ń sá. Torí ẹ̀ ni onídùúró ṣe wà. Ọ̀gá tó ti mọ ìwà ọmọṣẹ́ rẹ̀, tó mọ ilé òbí rẹ̀, kí ló dé tí kò lè dúró fún un? (Àwọn ọ̀gá tó jẹ́ pé omi pípọn àti ọmọ gbígbé ni wọ́n mọ ọmọṣẹ́ mọ́, inú wọn ń bí mi.)

Lọ́dún 1940 tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó, Alimotu Pelewura tó ń ta ẹja ní ọjà Eréko ló ṣáájú àwọn ọlọ́jà lọ kò wọ́n lójú. Kò kàwé. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àjèjì síra wọn. Ẹgbẹ́ ọjà ti so wọ́n pọ̀ kí wàhálà tó dé, bí àjọ náà ṣe lè so àwa àti àwọn ọmọ wa pọ̀.

Àjọ tiwa máa tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Mo ti sọ fún olórí àjọ pé kí wọ́n fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó kàn mí fún ọmọ télọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda ládùúgbò wa. Màá kó gbẹ̀yìn, èmi náà ni onídùúró rẹ̀. Ẹ̀yin olórí àjọ ní Bàrígà, ní Mushin, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó pín nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà nínú àjọ yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fowó ṣe.